Àmì Bírò Lápá Màmá Ojú Fèrèsé

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ariwo irin. Mo kí Màmá náà. Mo mọ̀ pé àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ já lẹ́tà yìí kó tó dé ọwọ́ yín. Ká ní ẹ ṣì ń gbọ́ tẹlifóònù ni, ǹ bá ti pè yín. Ṣùgbọ́n òòlù ti gba etí yín lọ́wọ́ wa, ìwé ló kù tí a lè fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Yàrá mi wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fọ aṣọ. Ilẹ̀ rẹ̀ máa ń gbóná, ó sì máa ń gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí àwọn ẹ̀rọ bá ń yí nísàlẹ̀. Mo fẹ́ràn gbígbọ̀n yẹn, ó jọ ìsọ̀ yín. Ó di ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí tí mo dé ìlú òyìnbó. Ènìyàn mẹ́ta péré ló ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó ju kíkí lọ. Mo kà wọ́n.

Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú arúgbó tí mo wá kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, àwọn tó jẹ mọ́ ìpalára ni. Olùkọ́ fún wa ní ogójì, ó ní ká mọ̀ wọ́n kí oṣù tó parí. Mo kọ wọ́n sórí pépà, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń kà wọ́n bí mo bá jí. Bàbá, ẹ ò lè mọ bí àwọn èèyàn yìí ṣe pín ìyà sí wẹ́wẹ́. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ dì sábẹ́ awọ, tí awọ ò sì bó, brúùsì ni. Èyí tí òkè awọ nìkan bó, gréèsì. Èyí tó wú gbọọrọ bí ìgbà tí pàṣán bá ba ara, wẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá èèyàn, ó ní orúkọ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ́, ó ní tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èèyàn ló fúnra rẹ̀ forí gbá ilẹ̀kùn, ó tún yàtọ̀. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń lò nísọ̀ ránṣẹ́, èyí tí ẹ ń pe ohun tó bá ṣe ara mọ́tò. Bí mo bá to tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ó lè tètè wọ̀ mí lórí.

Apá ń dùn mí ni mi ò ṣe kọ jù báyìí lọ. Mo wà dáadáa. Ẹ má dààmú.

Ọmọ yín,
Àdákẹ́


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì

Àdákẹ́ ọmọ mi,

A rí lẹ́tà rẹ. Ìyá rẹ ló já a bó o ṣe wí. Ó kà á tán, ó jókòó, ó wá gbé e wá bá mi nísọ̀ láìwọ bàtà. Ó kọ ọ́ sí ara dóòrù mọ́tò kan fún mi kí n lè rí i kedere: WỌ́N Ń LU ỌMỌ MI.

Ta ló ń lù ọ́?

Má sọ fún mi pé ilé ẹ̀kọ́ ni. Ilé ẹ̀kọ́ wo ló ń jókòó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ogójì ọ̀rọ̀ lílù àti gbígbá? O tún ní apá ń dùn ọ́. O tún ní ká má dààmú. Nígbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, o ṣubú nísọ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ yẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lo fi ń fi ọwọ́ òsì jẹun, tó ò ń sọ fún gbogbo wa pé bó ṣe wù ọ́ nìyẹn. "Mo wà dáadáa." Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí, kì í sì í ṣe torí pé etí mi ti kú.

Ya fọ́tò apá rẹ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn, láti èjìká dé ọmọ ìka. Ojúmọmọ ni kó o yà á. Iná máa ń fi dẹ́ǹtì pamọ́.

Ìyá rẹ ní kí n má dáhùn ìbéèrè rẹ títí tó o fi máa dáhùn tiwa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi lo béèrè, mi ò lè dákẹ́. Èyí tó wọnú láìba ọ̀dà jẹ́, dẹ́ǹtì la ń pè é. Èyí tó kan ọ̀dà nìkan, a ní ó họ. Èyí tí irin rẹ̀ ká jọ, a ní ó kákò. Èyí tó ya, ó ya náà ni. Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ niṣẹ́ yìí. Ibi tí nǹkan gbà wá là ń wò. Irin máa ń sọ ohun tó kọlù ú fún ẹni tó bá fara balẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń nawọ́ sí ọ nílé yẹn, jáde. Má dúró kó ẹrù. Ìyá rẹ ò tíì jẹun láti àná.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Kò sẹ́ni tó ń lù mí. Fọ́tò rèé, apá méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn, lójú oòrùn. Dúdú tí ẹ máa rí ní ìgúnpá ọ̀tún yẹn, ọ̀dà ẹnu ọ̀nà ni, mo fara kàn án. Mò ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí ibùsùn ni apá ṣe ń dùn mí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bínú nítorí mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń wà ní kíláàsì. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a máa ń lọ ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó kan. Ká tó wẹ̀ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, a ó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀. Ìwé kan wà tí wọ́n ya èèyàn sí, iwájú lápá kan, ẹ̀yìn lápá kejì. Kò ní ojú, kò ní irun. Bí a bá rí àpá kan lára arúgbó, a ó fi àmì sí ibẹ̀ lórí àwòrán náà, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ tó bá a mu gan-an. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní ogójì ọ̀rọ̀ nìyẹn. Olùkọ́ wa ní, "Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ ohun tí ẹ rò."

Màmá Ojú Fèrèsé ni mò ń pe arúgbó tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, nínú ọkàn mi, torí ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Òun ló di ẹnì kẹrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé wọ́n gba ahọ́n rẹ sílẹ̀ níbodè ni?"

Àná mo rí i tí apá rẹ̀ méjèèjì dúdú lókè ìgúnpá, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n tẹ̀. Mo bi í, ó ní, "Arúgbó ni mí, kí ni kì í ṣe mí?" Mo ṣí ìwé rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan síbẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un. Bí ẹlòmíì bá kọ́kọ́ rí i, èmi ni wọ́n máa bi.

Mo wá rántí yín. Mọ́tò kan ò lè wọ ìsọ̀ yín kí ẹ má kọ́kọ́ yí i po, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo dẹ́ǹtì àtijọ́ ká, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹnì kan má bàa sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Nítorí náà, mo kọ ọ́ sínú ìwé wọn, mo sì mú bírò tí kì í tètè pa rẹ́, mo fi yí àwọn àpá náà ká lára Màmá, mo kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ tà mí ni?"

Mo mọ̀ pé inú yín á dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí nǹkan tí mo gbé ti ilé wá wúlò níbí.

Àdákẹ́


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mi ò lè kí yín gùn lónìí. Ẹ má bínú.

Ọmọ Màmá Ojú Fèrèsé wá wò ó ní Ọjọ́ Àìkú. Òun nìkan ló bí. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ilé ìkẹ́rùsí ló ti ń gbé àpótí, ó ga débi pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ wọlé. Ó ká ọwọ́ aṣọ ìyá rẹ̀ sókè, ó rí bírò, ó rí ọjọ́. Mi ò sí níbẹ̀. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ló sọ fún mi pé ariwo rẹ̀ dé ilé ìdáná. "Ta ló kọ nǹkan sára ìyá mi? Ṣé màlúù ni?" Lẹ́yìn náà ló wá wo ohun tí bírò yí ká. Ó ní ẹni tó bá lè ṣe ìyá òun báyìí, kí ni kò ní lè ṣe nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti?

Nígbà tí mo débẹ̀ lánàá, ọ̀gá ilé ò jẹ́ kí n bọ́ kóòtù mi. Ó ní kí n máa lọ sílé títí di ọjọ́ ìpàdé, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé sí mi lónìí. Bí wọ́n bá dá mi lẹ́bi, wọ́n máa yọ orúkọ mi, èmi á sì padà wálé kí oṣù yẹn tó parí.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kà á. Nígbà tí mo gbójú sókè, ogójì ọ̀rọ̀ wà lórí ògiri. Méje nínú wọn ló wà nínú lẹ́tà náà. Mi ò ṣí ìwé atúmọ̀ wo ẹyọ kan. Mo ti mọ gbogbo wọn.

Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe.

Àdákẹ́


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Àdákẹ́,

Fọ́tò dé. Mo fi awò wò ó, mo gbé e síta, mo tún wò ó. Kò sí nǹkan lára rẹ lóòótọ́. Ìyá rẹ ti jẹun, ó jẹ tèmi mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ibi bírò, mo dìde. Ọmọ mi, mọ́tò ni mò ń kọ nǹkan sí lára! Ẹni tó ni mọ́tò sì máa ń dúró tì mí ni. A jọ máa ń yí i po. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì ló ń gbà mí lọ́wọ́ ìjà, pé a jọ wò ó ni. Ta ló dúró tì ọ́?

Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ nù ún lónìí. Kó o lọ bá ọ̀gá ilé fúnra rẹ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Mò ń sáré kọ èyí, bí ẹni pé tí mo bá sáré kọ ọ́, á tètè dé.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Àdákẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lónìí. Nígbà tí mò ń sáré kọ tọ̀hún, nǹkan ti bàjẹ́.

Mo ní láti bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì ní bi ọ́ mọ́. Ṣé o lù ú? Ṣé ó mú ọ bínú lọ́jọ́ kan, tó o fà á ju bó ṣe yẹ lọ? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sọ fún mi. Ọmọ mi ni ọ́ síbẹ̀.

Ìyá rẹ rí ìlà yẹn, ó ní kí n pa á rẹ́. Mi ò pa á rẹ́. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, ó mọ̀ pé mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ń dákẹ́ sí mi lọ́nà tí mo rí.

Bó ò bá lù ú, nǹkan kan ló ṣe é. Wò ó bí a ṣe ń wo irin. Àpá mélòó ni? Ṣé wọ́n tò, àbí wọ́n fọ́n ká? Báwo ni gíga wọn ṣe rí sí ara wọn? Ohun tó bá sáré wá kọlu irin máa ń wọnú lápá kan ju apá kejì lọ. Ohun tó tẹ̀ ẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ wo ló máa ń yọ? Ta ló wà níbẹ̀ kó tó yọ? Má bá ẹnikẹ́ni jà. Wò ó ná.

Ṣé ò ń sùn? Ṣé ò ń jẹun? Dáhùn ìyẹn náà.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrònú mi. Ọjọ́ méjì ni lẹ́tà yín fi wà lábẹ́ ìrọ̀rí kí n tó lè dáhùn.

Mi ò lù ú. Mi ò fà á. Mi ò bínú sí i rí. Mo mọ̀ pé bàbá gbọ́dọ̀ béèrè. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nínú gbogbo àwọn tó bi mí, ẹ̀yin nìkan ni ìbéèrè yín dùn mí.

Mo wò ó bí irin. Ẹ mọ̀ pé gbogbo nǹkan ni mo máa ń kọ sínú ìwé kékeré mi. Lápá ọ̀tún, àpá mẹ́rin wà lápá ẹ̀yìn, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kan tó fẹ̀ sì wà lápá inú. Apá òsì bákan náà, gíga kan náà. Awọ ò bó níbì kankan. Nǹkan tó bá kọlu èèyàn á gba ẹ̀gbẹ́ kan wá. Èyí gba ẹ̀gbẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ni, Bàbá. Ọwọ́ ńlá. Mo fi ọwọ́ mi wọ̀n ọ́n lára ara mi, tèmi ò tó o.

Mo wá wo ọjọ́. Ọjọ́ Ajé ni mo rí i tó dúdú.

Àná, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ dúró dè mí níwájú ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bí olè, ó ní, "Ó tún ti yọ o. Ìwọ ò sí níbẹ̀, ó yọ. Àbí òjìji rẹ ló ń wá ṣiṣẹ́?" Mo bi í pé ọjọ́ wo. Ó ní Ọjọ́ Ajé náà ni, pé bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń lọ, á ṣá, á di àwọ̀ ewé, á sì tún dúdú ní Ọjọ́ Ajé mìíràn.

Bàbá, mo mọ ẹni tó máa ń wá ní Ọjọ́ Àìkú. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo padà lọ mú agbòjò tí mo gbàgbé. Ọmọ Màmá fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ kúrò lórí àga onítáyà. Bẹ́líìtì kan wà tí wọ́n fi ń gbé wọn, ìdí ni wọ́n ń dè é mọ́. Nọ́ọ̀sì kan gbé e fún un, ó kọ̀. Ó ní, "Ìyá mi ni, kì í ṣe ẹrù." Ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbé e sókè, ó rọra gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fẹnu ko orí rẹ̀. Ó gbà á tọkàntọkàn pé bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé ìyá ẹni nìyẹn. Awọ arúgbó sì ti fẹ́lẹ́ bíi pépà.

Bí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ méjèèje á sọ̀ kalẹ̀ lórí mi, wọ́n á gun orí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fura sí nílé yẹn kì í wọlé mọ́. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹlòmíì tó ń wá wo Màmá. Láti Ọjọ́ Sátidé ló ti máa ń béèrè aṣọ tí òun máa wọ̀. Bí mi ò bá sì sọ ọ́, èmi á padà wálé. Wọ́n ti bi Màmá fúnra rẹ̀. Wọ́n ka àwọn ọ̀rọ̀ náà fún un, ó ní rárá sí gbogbo wọn. Wọ́n ní ẹ̀rù mi ló ń bà á.

Mi ò sùn dáadáa. Mò ń jẹun. Kí ni kí n ṣe?

Àdákẹ́


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Àdákẹ́ ọmọ mi,

Mo ti gbọ́. Mo ní mi ò ní bi ọ́ mọ́, mi ò sì ní bi ọ́ mọ́. Ó dùn mí pé ó dùn ọ́.

Jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí mi ò sọ fún ọ rí. O mọ ọkùnrin ilé kejì tí kì í kí mi. Ìwọ rò pé agbéraga ni. Ó gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú, ó ń pariwo pé ẹnì kan ló gbá òun tó sì sá lọ. Mo wọn gíga dẹ́ǹtì náà, mo rìn lọ sílé rẹ̀, mo wọn òpó géètì rẹ̀. Mo padà wá, mo sì sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé géètì ara rẹ̀ ló gbá a. Òótọ́ ni mo sọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ bó ṣe rí. Ó di ọdún kẹrìnlá.

Bí mo bá ní láti tún un ṣe, mi ò ní sọ̀rọ̀. Màá ní kó bá mi wa mọ́tò náà wọ géètì rẹ̀, kó rọra, èmi á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ara rẹ̀ ni ìbá fi rí i, à bá sì máa kí ara wa.

Ní kí wọ́n mú Màmá wọlé síbi ìpàdé. Ara rẹ̀ ni, òun ló ni ín. Ní kí ọmọ rẹ̀ gbé e bó ṣe máa ń gbé e. Má fi kún un.

Bàbá rẹ

Èmi ìyá rẹ ni mo gba bírò báyìí. Bàbá rẹ ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó lọ jókòó sínú mọ́tò oní-mọ́tò. Ẹnu tó o ti ń tọ́jú láti kékeré yẹn, ọjọ́ yẹn ni kó o lò ó. Jẹun kó o tó lọ. Bí wọ́n bá ní kó o padà wálé, yàrá rẹ wà. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi síbẹ̀ ni, mo lè gbé e kúrò.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó kà á. Ẹ má gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò.

Àwa márùn-ún la wà ní yàrá ìpàdé: ọ̀gá ilé, olùkọ́ mi, obìnrin kan tó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ọmọ Màmá, àti èmi. Ife omi wà níwájú kálukú. Ọ̀gá ilé ka ẹ̀sùn, ó ka ọ̀rọ̀ méjèèje, ó ní ṣé mo ní nǹkan sọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màmá wọlé."

Ọmọ rẹ̀ ní, "Kó wá ṣe kí ni? Àbí bírò rẹ ò tíì tán?"

Ṣùgbọ́n olùkọ́ mi dìde, ó lọ mú un wá. Màmá rí mi, ó ní, "Ìwọ rèé! O ti rù. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja."

Ọ̀gá ilé tún bi í. Ṣé ó gbá yín? Rárá. Ṣé ó tì yín? Rárá. Ṣé ó já yín léèékánná? "Rárá. Ẹ ti bi mí tẹ́lẹ̀. Ẹ bi àga yìí wò, bóyá tirẹ̀ á yàtọ̀."

Mo ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan wá yé mi tí kò yé mi láti ọjọ́ yìí. Ọwọ́ tó ń bọ̀ wá ṣe èèyàn léṣe ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kà fún un wà fún. Wọn ò ka ẹyọ kan tó wà fún ọwọ́ tó di èèyàn mú.

Mo kọjú sí ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé Màmá dìde, bí ẹ ṣe máa ń gbé wọn."

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Ó dìde. Ó fẹ́ fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá. Ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbé e dúró. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi wọ́n sílẹ̀." Olùkọ́ mi ká ọwọ́ aṣọ Màmá sókè títí dé ibi tí ìka rẹ̀ wà. Ìka kọ̀ọ̀kan jókòó lórí àpá tirẹ̀.

Mi ò fi kún un, Bàbá. Kò sẹ́ni tó fi kún un. Obìnrin tó ń kọ̀wé dáwọ́ dúró. Ọmọ Màmá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni wọ́n so mọ́ ọn. Ó ní, "Èmi?" Ohùn rẹ̀ kéré ju tèmi lọ. Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lójijì, èmi àti olùkọ́ la sáré gbá a mú kó tó ṣubú.

Màmá ní, "Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Ọ̀gá ilé ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹ ò bi mí. Ṣé wọ́n lù mí, ṣé wọ́n gbá mi, ìyẹn lẹ̀ ń bi mí. Ọmọ mi ò lù mí rí. Bí mo bá sọ fún un, ẹ̀rù á máa bà á láti fọwọ́ kàn mí. Ta ló kù tó ń fọwọ́ kàn mí láìwọ ìbọ̀wọ́?"

Wọ́n ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí bírò, ó sì tọ́ sí mi. Ìdajì rẹ̀ tọ́ sí yín. Wọn ò lé ọmọ Màmá. Wọ́n ní kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo bẹ́líìtì kó tó tún gbé ìyá rẹ̀. Ó ní bí òun bá máa kọ́ ọ, èmi ni kí n kọ́ òun. Kò bẹ̀ mí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó ń wo ilẹ̀.

Mo lọ síbẹ̀ lánàá, Ọjọ́ Àìkú. Màmá ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára. Mo de bẹ́líìtì mọ́ ọn nídìí, mo fi ibi tí ọwọ́ máa wà han ọmọ rẹ̀, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó ti yé òun. Ó na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì dúró lófuurufú. Wọn ò kan ìyá rẹ̀. Òógùn yọ nímú rẹ̀, ọkùnrin tó ń gbé àpótí láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní, "Ìwọ gbé wọn." Mo mi orí. Ó tún na ọwọ́, ó tún fà á sẹ́yìn.

Màmá gbójú sókè wò ó. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ló dé yìí, èmi ni mo sì mú un wá. Mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

Ó ní, "Kí lò ń dúró dè? Àga yìí ti sú mi."

Ọmọ náà ò lè ṣe é. Màmá bá na ọwọ́ tirẹ̀, ọwọ́ tíńtín yẹn, ó gbá ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fún un pinpin, ó sì ń fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, títí ojú ìka rẹ̀ fi hàn lára ọmọ náà.

Mo fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Ẹ bá mi kí ara yín.

Àdákẹ́ yín